Ohùn Tí Mo Pa Rẹ́ ní Ọ̀kà

Obìnrin náà gba ife omi lọ́wọ́ Limota, ìyàwó mi, ó gbé e sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò bí ọ̀fun ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ láti àárọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ ife náà kalẹ̀. Nígbà tí Limota fẹ́ gbé e kúrò, ó wo inú rẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Omi náà ṣì kún dé etí ife gẹ́gẹ́ bí ó ti bù ú.

Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ ọjà ní Ìkàrẹ́, nínú oṣù kìíní ọdún 2017. Ọyẹ́ ti bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, a kò rí ọ̀kankan nínú wọn mọ́ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèlá, níbi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, ẹni tó ń ta oògùn eku ń pariwo ọjà rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ọ̀sán náà tó jọ ohun ẹ̀rù. Àgbà obìnrin kan ló wọlé, ó ró aṣọ aláró, ó wé gèlè kékeré, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí a tó ní kó jókòó.

"Ẹ káàsán, Màmá," mo ní. "Kí la lè bá yín ṣe?"

Ó la ẹnu. "Àwọn tí a jọ ń sọ ọ́ ti," ó ní, ohùn rẹ̀ sì gé. Ètè rẹ̀ ṣì ń mì, mo ń rí ahọ́n rẹ̀ tó ń yí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Orúkọ mi ni." Ètè tún ń mì, kò sí ohùn. "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, kí n má baà." Ó tún gé. "Ìyá mi ló fi èdè yìí."

Mo rò pé etí mi ló di. Mo sún mọ́ ọn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó tò wọ́n bí ó ti tò wọ́n tẹ́lẹ̀, ibi tí ohùn ti gé lákọ̀ọ́kọ́ náà ló ti gé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó nawọ́ sí ẹ̀rọ kan tó wà lórí tábìlì lẹ́yìn mi, ó dìde, ó sì wọ àárín èrò ọjà lọ.

"Rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú," Limota sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ti mú un lẹ́nu. Àwọn ọmọ rẹ̀ dà tí wọ́n jẹ́ kó máa dá rìn?"

Mo jáde láti wò ó bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé e. N kò rí i mọ́. Nígbà tí mo padà wọlé, n kò sọ nǹkan kan fún Limota. Ẹ̀rọ tí obìnrin náà nawọ́ sí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe sí i.

Ẹ̀rọ Tísà Florence Ọlálérè ni, ti Ìwàrò Ọ̀kà. Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ tipẹ́. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kiri, láti Ọ̀kà dé Ikun, dé Epinmi, dé àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé, tó ń gba ohùn àwọn arúgbó: ìtàn wọn, orin wọn, orúkọ ewé, bí wọ́n ṣe ń kí aláboyún, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí òkú. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó mọ̀ pé èèyàn lè rin ìrìn wákàtí kan kó sì bá èdè mìíràn pàdé. Tísà ní àwọn kan wà nínú èdè wọ̀nyẹn tí àwọn tó kù tó ń sọ ọ́ kò kún orí ẹní kan. Ó ń fi etí gbọ́ ohùn wọn, ó ń fi ọwọ́ kọ wọ́n sínú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó ń bá ojú ara rẹ̀ sáré.

Ọmọ rẹ̀ kan tó ń gbé Ìbàdàn ló ra sáfà náà, ẹ̀rọ tí a ń kó nǹkan pamọ́ sí, fún un ní 2014, èmi ni mo sì gbé e kalẹ̀. Díìsìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, káàdì kan ń darí wọn. RAID ni à ń pe ètò yẹn. Bí ẹ bá fi ohùn ẹnì kan pamọ́ síbẹ̀, káàdì náà kì í kó o pamọ́ sójú kan. Á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á fi ègé kìíní sórí díìsìkì kìíní, ègé kejì sórí ìkejì, títí yóò fi yí ká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, á tún un tò. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lè kó díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dání kó má gbọ́ odidi ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Káṣẹ́ẹ̀tì tí Tísà fi gba àwọn ohùn àkọ́kọ́ ti bu, ó sì ti kó wọn dànù. Èmi ni mo ní kí ó kó wọn dànù. Mo sọ fún un pé inú ẹ̀rọ yìí ni ọkàn rẹ̀ ti lè balẹ̀.

Káàdì yẹn kú lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo wá òmíràn rí, mo sì gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ọ̀kà ní àárọ̀ Sátidé kan. Ìgbéyàwó àbúrò Limota wà ní Ìṣùà lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì fẹ́ débẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì. Iná ìjọba kò sí, nítorí náà mo tan jẹnẹrétọ̀ Tísà. Mo yọ díìsìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn, mo tẹ́ wọn sórí ìwé ìròyìn. N kò kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí. Mo dá wọn padà sínú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ náà, káàdì tuntun náà kọ ìbéèrè sójú gíláàsì ẹ̀rọ náà. Ó ní òun rí ètò àtijọ́ kan lára àwọn díìsìkì yìí, ṣé kí òun máa tẹ̀ lé e ni àbí kí òun nù ún kúrò. Mo wo aago. Mo ní kó nù ún. Mo ṣe ètò tuntun fún un. Ó tún bi mí bóyá kí òun fọ àwọn díìsìkì náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó ti ń fọ̀ wọ́n kí ohun tí mo ṣe tó yé mi. Mo ti ń di irinṣẹ́ mi sínú báàgì nígbà náà. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ tipátipá.

"Gàníyù, ṣé ó ti jí?" Tísà bi mí láti ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi, ó ń fi ìdí ìró rẹ̀ nù ún.

"Tísà, iná ló dé lójijì," mo ní. "Ó pọ̀ jù. Ó ti kọlù ú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, kí n lọ wò ó dáadáa."

Ó gbójú sókè sí gílóòbù iná ìjọba tó wà lórí wa. Kò tàn. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Ó tún wo ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà.

"Ó dáa," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ohùn tó wà níbẹ̀ yẹn, o mọ̀ pé kò sí níbòmíràn."

"Mo mọ̀, Mà."

Mo dé Ìṣùà kí wọ́n tó so yìgì. Mo jẹun. Mo bá wọn ya fọ́tò. Fọ́tò náà ṣì wà nílé wa, mo ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin aláró náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ṣe ẹ̀dà díìsìkì kọ̀ọ̀kan, kí n má baà tún fọwọ́ kan ojúlówó. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ọ̀nà mẹ́rìnlélógún ni èèyàn lè gbà to nǹkan mẹ́rin, bí a bá sì fi bí ègé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó kún un, iye ọ̀nà náà a di púpọ̀. Mo gbìyànjú ọ̀kan, kò sí nǹkan kan. Mo gbìyànjú òmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí n jẹ́ kí wọ́n tò bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ̀rọ, mo yí bí ègé ṣe tóbi padà, ohùn kan sì jáde.

Ohùn bàbá kan láti Ikun ni, ó ń fi Yorùbá sọ nípa iṣu gbígbìn. Ó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, ó gé. Ó fò lọ sí ibòmíràn, ó tún padà sẹ́yìn. "Ebè yẹn ò gbọdọ̀," ó ní, ó dákẹ́. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Ó dákẹ́. "Òjò àkọ́rọ̀ tó bá."

Limota wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbá eruku. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró.

"Baálé mi," ó ní, kò gbé ohùn sókè rárá. "Bí obìnrin ọjọ́ ọjà yẹn ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Èmi náà ti gbọ́ ọ kó tó sọ ọ́, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ èmi nìkan.

Mo mú bébà. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí obìnrin náà sọ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ wọ́n. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò lè tún un tò. *Orúkọ mi ni* ló yẹ kó ṣíwájú, òun ló sì sọ ṣìkejì. *Ìyá mi ló fi èdè yìí* ló tẹ̀ lé e, òun ló fi kádìí. *Àwọn tí a jọ ń sọ ọ́ ti* ló yẹ kó ṣe ìkẹta, òun ló kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀bẹ̀ ló gbẹ̀yìn, òun ló sì sọ ṣìkẹta. Mo to díìsìkì bẹ́ẹ̀: èyí tó wà ní ipò kejì, mo fi ṣe àkọ́kọ́, èyí tó wà ní ipò kẹrin, mo fi ṣe ìkejì, àkọ́kọ́ di ìkẹta, ìkẹta di ìkẹrin.

Bàbá Ikun sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wúkọ́, ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó rẹ́rìn-ín, àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Geere ni, kò sí ibi tó ti já.

Ó yẹ kí n yọ̀. Limota ti jókòó sílẹ̀.

"Ta ni obìnrin yẹn?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Gàníyù." Kì í pè mí lórúkọ bẹ́ẹ̀. "Kí lo ṣe sí i?"

"Mo ní n kò mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà níwájú wa. Ẹni tó ń ta oògùn eku ní òun rí mi nígbà tí mo sáré jáde lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo ọ̀tún wo òsì. Ó ní òun rò pé olè ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí òun kò rí ẹnì kankan tó ṣíwájú mi jáde.

Ohùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Tísà kó pamọ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta padà wá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà níbi tí káàdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ nǹkan, ohun tó sì kù níbẹ̀ kò ju òfìfo lọ. Mo wá a títí ojú ń ta mí. Ibi tí a bá ti kọ òfìfo lé nǹkan lórí, kò sí ìmọ̀ tó lè yọ nǹkan náà jáde mọ́.

Mo gbé e padà lọ sí Ọ̀kà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ti pinnu pé n óò ní iná ló jẹ mẹ́ta. Tísà gbé àga sí iwájú ẹ̀rọ náà, ó di ojú rẹ̀, ó ń gbọ́ wọn. Bí ohùn kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, á dárúkọ ẹni tó ni ín. "Memunat nìyẹn, ará Epinmi. Ha, Memunat!" "Bàbá Ilésanmí nìyẹn. Ó ti lọ, ó ti lọ o." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá ọwọ́ mi mú, ó ń súre fún mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ìre yẹn ń wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún.

Nígbà tó yá, ó ní, "Àsíátù ńkọ́? Òun ló yẹ kó ṣíwájú."

"Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò jáde, Mà."

Ọyẹ́ ń mú kí páànù orílé máa ta páú, páú.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Àsíátù ni," ó ní. "Òun ni mo kọ́kọ́ gbà. Abúlé kékeré kan wà nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún tó ti tú. Òun nìkan ló kù tó gbọ́ èdè wọn. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ló fi bá mi sọ̀rọ̀, bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè rẹ̀, á fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni mo tíì kọ. Mo ní n óò padà sí i." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Mo ṣì rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. 'Orúkọ mi ni Àsíátù,' ó ní. 'Ìyá mi ló fi èdè yìí lé mi lọ́wọ́.'"

Ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ náà kí n tó mọ̀. "'Àwọn tí a jọ ń sọ ọ́ ti,'" mo ní, mo sì dúró, nítorí n kò mọ èyí tó kù.

Tísà yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "'Ti kú tán,'" ó ní. "Ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti omi inú ife, mo sọ bí ohùn ṣe ń gé, mo sọ ti aṣọ aláró. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmi ara.

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí Àsíátù ti kú," ó ní. "Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Aṣọ aláró yẹn ló ró ní ọ̀sán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Tísà, kì í ṣe iná."

"Mo mọ̀."

"Èmi ni mo—"

"Jẹnẹrétọ̀ la tàn lọ́jọ́ náà, Gàníyù. Èmi ni mo bu epo sí i. Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ nìyẹn. Ìwọ ni mo ń dúró dè." Ohùn rẹ̀ kò le, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó le. "Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n kọ gbogbo èyí tí mo rántí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣì wà lórí mi nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ni. Mo gbà pé o máa mú un padà wá. Mo jẹ́ kó lọ."

N kò tíì rò ó dé ibẹ̀ rí. Ohun tí káàdì kò rí nù, irọ́ mi ti bá a nù ún.

Ó dìde, ó fi ọwọ́ wá ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ kékeré lórí pẹpẹ, ó gbé e sórí àpótí níwájú mi, ó tẹ̀ ẹ́. Iná pupa kan tàn lára rẹ̀.

"Sọ ohun tí o ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ìdí tí kò fi sí níbẹ̀."

Mo sọ ọ́. Ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo sọ ti ìwé ìròyìn, ti nọ́ńbà tí n kò kọ, ti aago tí mo wò, ti ibi tí mo tẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti dákẹ́ sunkún fún ìgbà díẹ̀, mo sì parí rẹ̀.

Tísà ní kí a gbọ́ ọ bóyá ó wọlé. Ohùn mi jáde, ọ̀fìnkìn ọyẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ibi tí mo ti dákẹ́ sunkún. Kò dákẹ́ níbẹ̀.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ohùn mi ni, ọ̀fìnkìn mi ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹkún nínú rẹ̀, kò sì kánjú. Ó sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka Fátíà kan, ní èdè tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí Yorùbá, tó sì parí ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe parí rẹ̀.

Tísà gbá apá mi mú. Èékánná rẹ̀ wọ ara mi.

"Èdè rẹ̀ ni," ó ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un gbọ́, ó ń kọ ohun tó ń gbọ́ sórí bébà, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Ó wá mú ìwé rẹ̀, ojú ewé mẹ́sàn-án tó ti kọ, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí ó tó pa á dé. Kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó bá ti orí bébà mu.

"Inú àwọn tí n kò tíì kọ ló wà," ó ní. 

Tísà kú ní 2020. Ọmọ rẹ̀ fi bébà yẹn ránṣẹ́ sí mi, nítorí Tísà kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ti gbé e dé Ìṣùà, dé Epinmi, dé Ikun, mo ti kà á fún àwọn arúgbó tí etí wọn ṣì gbọ́. Wọ́n á ní kí n tún un kà. Wọ́n á mi orí. Ìyá arúgbó kan ní Ikun ní òun rò pé òun gbọ́ ohun tó jọ ọ́ rí ní kékeré, lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá ra iyọ̀, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

N kò mọ̀ bóyá èpè ni, tàbí ìdáríjì, tàbí orúkọ ewé lásán. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí. Limota ní mo máa ń sọ ọ́ lójú oorun, kedere, bí ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà.